Yí Iná Ṣọ́ọ̀bù Rẹ Kúrò Lójú Omi

Mósè, mi ò tíì kí ọ ná.

Mo gbọ́ pé o gbé iná ńlá síwájú ṣọ́ọ̀bù epo bẹntiróò rẹ ní Ugbonla, o kọjú rẹ̀ sómi kí oníbàárà lè rí ọ. Ṣé orí rẹ pé? Àtùpà orí òpó èbúté ni àwọn apẹja fi ń mọ ọ̀nà wálé lóru. Iná rẹ ni wọn yóò tẹ̀ lé báyìí, wọn yóò fi ọkọ̀ kọ lu kùkùté inú omi. Pétérù àbúrò rẹ wà lára wọn. Ra kékeré tó ní ìbòrí, kó dojú kọlẹ̀.

Ara mi le n'Ìbàdàn. Ilé Hánà ẹ̀gbọ́n rẹ pa rọ́rọ́, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kankan yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀ dalẹ́.

Bá mi kí Pétérù. Òun ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì, kì í ṣe ìwọ, kí n lè mọ̀ pé ó ti ojú omi délé.

Ìyá rẹ.