Ọkọ Mi Ti Wo Fíìmù Wa Ṣáájú Mi

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú ẹjọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aránṣọ ni mí, ọkọ mi ń tún fíríìjì ṣe.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tá a ti jọ ń wo fíìmù àtìgbàdégbà kan tí òkú ti ń jí dìde, tí wọ́n ń jẹ alààyè. Ká sòótọ́, fíìmù náà ti gùn jù. Àwọn òkú yẹn ò bà mí lẹ́rù mọ́, àmọ́ mo ṣì máa ń di apá ọkọ mi mú bíi pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan la máa ń ráyè jókòó ti ara wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, dókítà inú fíìmù náà ń rọra ṣílẹ̀kùn kan. Kí ohunkóhun tó jáde, ọkọ mi ti fọwọ́ bojú.

Mo ní, “Bàbá wọn, ẹ ti wo èyí rí.”

Ó ní, “Èmi àti obìnrin akọ̀wé wa la jọ wò ó níbi iṣẹ́, lásìkò ìsinmi. Fíìmù lásán ni.”

Olóòtú, apá ta ni obìnrin yẹn dì mú nígbà tí òkú fò jáde? Mo pa tẹlifíṣọ̀n, mo wọ yàrá lọ.

Ó ti bẹ̀ mí. Ó ní ó ku apá tó kẹ́yìn, pé òun ò tíì wò ó, èmi lòun ń dúró dè. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n gbà á gbọ́? Lọ́jọ́ Àìkú yìí, ojú ẹ̀ ni mo máa wò, mi ò ní wo fíìmù.