Agbo Ìràwọ̀ Kékeré Tó Ń Dá Gbé

Ojúlé Kejìlá,
Àdúgbò Ọjà Tìmì,
Ẹdẹ.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Fèyísọ́lá, àbúrò mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Gúúsù Áfíríkà kò mú ọ jù? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Láti ìgbà tí Akóredé ọkọ mi ti kú, àárò rẹ ń sọ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kọ́láwọlé, àbúrò ọkọ mi, wá láti Sẹkọ̀nà lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ ṣú mi lópó. Bí n kò bá fẹ́, kí n kó ẹrù mi kúrò nínú ilé tí èmi àti Akóredé jọ kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga Akóredé. Ẹni tó jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló ṣì ń fọ ṣòkòtò rẹ̀!

Bàbá Oyèwọlé, olórí ẹbí wọn tó bá a wá, jókòó. Ni Kọ́láwọlé ọ̀lẹ náà bá ń kọ́ mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: "Ìyàwó wa, igi kan kì í dágbó ṣe. Ohun tó bá dá wà, kíkú ló máa kú."

Mo wá sọ ohun tí o bá mi sọ lórí fóònù fún un: agbo ìràwọ̀ kékeré yẹn, tí kò ní aládùúgbò kankan lójú ọ̀run. Mo ní ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ níbi iṣẹ́ máa ń dojú awò ńlá tí ẹ fi ń wo ọ̀run kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí ẹ ń gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bí ẹni gbé korobá sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀ tó ń kán. Ẹ ó là á sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, àwọ̀ náà ni yóò sì fi hàn yín pé ó ṣì ń bí ìràwọ̀ tuntun. Òun nìkan, kò sì kú.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìràwọ̀? Ṣé ìràwọ̀ ló máa bá ẹ tún òrùlé ṣe?"

O mọ̀ pé ìyàwó kì í dárúkọ ará ilé ọkọ. Dúdúyẹmí ni mò ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mo sì ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ. Mo dìde.

"Kọ́láwọlé! Kó bàtà rẹ."

Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹnu àpò gààrí tó ti tán. "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Ó dárúkọ mi!"

"Mo gbọ́," ni Bàbá Oyèwọlé wí. "Àbí orúkọ rẹ kọ́ ni? Kó bàtà rẹ, jẹ́ ká máa lọ."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo gbálẹ̀ abẹ́ àga Akóredé, ó mọ́ tónítóní.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Kọ́láwọlé kò kí ọ. Nígbà tí ẹ bá tún dojú awò kọ agbo ìràwọ̀ yẹn, bá mi kí òun náà. Sọ fún un pé ó ní ẹlẹgbẹ́ kan ní Ẹdẹ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì wà nínú ilé rẹ̀,
Àtinúkẹ́.