Ọ̀pá Tó Gba Ọwọ́ Mi

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje oṣù kẹta

Ó tún já. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta láàárọ̀ òní nìkan. Ẹja báàsì ńlá, ẹlẹ́nu gbàgàdà — mo rí ikùn rẹ̀, funfun báláú. Ó gbé ẹja oníke tí mo fi ń tàn án, mo fa ọ̀pá, ìwọ̀ ya ẹnu rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń pè ní Mo-mọ̀-ọ́n-tán jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ẹni tó lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú!

Ìgbà tí a gúnlẹ̀ ni wọ́n tó là á. Ìdíje ẹgbẹ́ apẹja wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni méjì péré ni ọkọ̀ kan ń gbà. Bí n kò bá mú ẹyọ kan wọ ọkọ̀ lónìí ọ̀sẹ̀ méjì, onígbàjámọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ni yóò gba ìjókòó iwájú tí mo ti ń jókòó sí láti ọdún mẹ́fà. Onígbàjámọ̀! Ẹni tí kò lè tú okùn tó lọ́ láìké sí mi.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Ojú mi ò ṣe nǹkan. Apá mi ò ṣe nǹkan. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè dá mi lójú.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo ti mọ̀ ọ́n! Mo rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà kan tán lọ́sàn-án, mo fi ọwọ́ já òwú — fìrì — bí mo ṣe ń já a láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi kì í fi síṣọ́ọ̀sì gé òwú. Ìyá wa tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Mo bá wo ọrùn ọwọ́ mi. Àṣé ọwọ́ yìí náà ni! Bí ẹja bá ti fẹnu kan okùn báyìí, mo ti fa ọ̀pá bí ẹni já òwú kí ọpọlọ mi tó mọ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún Mo-mọ̀-ọ́n-tán lórí fóònù. Wọ́n ní kí n yí ọwọ́ mi padà. Mo ní ọwọ́ tó rán ọmọ mẹ́ta níléèwé, tó tún kọ́lé, èmi ò ní tìtorí ẹja yí i padà. Ọ̀pá ni yóò yí padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fóònù fi kú mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo gbé áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀pá ìpẹja. Ọlọ́jà lanu. Ó kó ọ̀pá mẹ́ta sílẹ̀. Mo so áyọ́ọ̀nù mọ́ okùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fa ọ̀pá bí ẹni já òwú — fìrì.

Ọ̀pá kábọ̀nù lásán, irú èyí tí mo ń lò: ó fúyẹ́, ó gan. Ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan ló tẹ̀, áyọ́ọ̀nù fò sókè bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì lásán ṣe: ó wúwo, ó ṣì ń mì lẹ́yìn tí mo ti dúró. Ẹ̀kẹta — kábọ̀nù àti gíláàsì tí wọ́n pa pọ̀. Ó tẹ̀ dé ìdajì, ó gbé gbogbo agbára ọwọ́ mi mì, áyọ́ọ̀nù gbéra nílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ta ló fẹ́ kọ́ aránṣọ nírú èyí? Òwú lásán máa ń já, náílọ́ọ̀nù lásán máa ń gé aṣọ. Àdàlù la fi ń rán aṣọ tó máa pẹ́. Ọlọ́jà ní òun ò rí ẹni tó fi áyọ́ọ̀nù yan ọ̀pá rí. Mo ní ó ti rí i báyìí.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo-mọ̀-ọ́n-tán yọjú, àwọn àti onígbàjámọ̀. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe fi áyọ́ọ̀nù yan ọ̀pá mi tuntun; wọ́n mì í, wọ́n ní ó ti dẹ̀ jù. Onígbàjámọ̀ ní ìrù màlúù ni. Mo ní màlúù tí kò nírù, Ọlọ́run ló ń bá a léṣinṣin. Èmi ti ra tèmi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún

Láti aago mẹ́fà àárọ̀ la ti wà lórí adágún. Títí di aago mẹ́wàá, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago. Mo ju okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó wó sómi, mo ń fà á bọ̀ — ẹja gbé e. Ọwọ́ mi já òwú. Fìrì! N ò lè dá a dúró. Ọ̀pá tẹ̀ dé ìdajì, ó sì dúró síbẹ̀. Mo ń retí kí okùn rọ̀. Kò rọ̀. Mo ń yí kẹ̀kẹ́ okùn díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀gbọ́n mi fi na àwọ̀n sábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé kílò mẹ́ta. Ìwọ̀ kan ṣoṣo nínú àwọn ìwọ̀ ara ẹja oníke náà ló mú un, létí ètè, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Ọ̀pá mi àtijọ́ ì bá ti fà á ya.

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ẹja. Ọrùn ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Bí Ìyá wa ṣe máa ń já òwú nìyẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n kọjú sí omi, wọn ò tètè yí i padà. Omijé bọ́ lójú tèmi, n ò nù ún. Orí mi wú. Orí mi wú gan-an lónìí.

Ìjókòó iwájú, èmi ni mo ni ín.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ń lọ aṣọ oníbàárà lówùúrọ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dún. Mo-mọ̀-ọ́n-tán ni. Gbogbo ọ̀pá wọn ló wà lábíyá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní ẹja ńlá méjì ló já mọ́ àwọn lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, àwọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wá ní, "Àbúrò mi, áyọ́ọ̀nù yẹn dà?"

Mo ní kí wọ́n jókòó, ó ṣì gbóná.