Káàdì Bàálù Tí Mo Fẹ́ Fi Gbẹ̀san

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Ibo Road,
                                        Sabon Gari, Kánò.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin, 2025.

Ràhmátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun Bàdírù ọkọ rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀? Nàfíù ọmọ wa ńkọ́, ṣé ìdánwò tó ṣe yẹn yọrí sí rere? Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ẹran ti tán nínú ìkòkò kí ìkíni mi tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin, ẹ ti rí òjò. Àwa ńkọ́? Ooru Kánò kò yí padà láti ìgbà tí o ti kúrò níbí, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí ni òógùn ń kán lé bébà. Èmi wà láàyè, kọ́tìnì ni mo ṣì ń rán. Màmá náà wà, wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí n bi ọ́ pé ṣé o ṣì ń sáré sọ̀rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

O bi mí lórí fóònù pé ṣé mo ti gba káàdì báńkì tó ń fún èèyàn ní máìlì bàálù, èyí tí mo ní mo fẹ́ gbà. Mo ní màá kọ̀wé. Mi ò jẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ mọ́, nítorí èyí tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, àṣé ìwọ àti ìyá ọkọ rẹ lẹ jọ jókòó nígbà tó ń ké. Ọ̀rọ̀ inú eléyìí kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà yóò gbọ́ kó tún fẹ́ jẹun.

Jẹ́ kí n mú un látìbẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù kìíní, ẹ̀gbọ́n Màmá tó wà ní Èkó kú. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ni wọ́n, òun nìkan ló sì kù fún Màmá nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣeré ní Ògbómọ̀ṣọ́. Desmond àbúrò mi, tí ìwọ náà pọ̀n ní Railway Quarters nígbà tí bàbá wa ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún èmi, Màmá, àti Ooreọ̀fẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ooreọ̀fẹ́ tún mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dání, Tiwa, tó ń lọ sí Èkó fún nǹkan tirẹ̀. Desmond ti wà ní Èkó ṣáájú wa, torí iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀ kó tó tún wọ bàálù. Nítorí ìrìn yẹn ló fi gba káàdì tí mò ń wí. Káàdì àwìn ni. Gbogbo ohun tó bá fi rà ni wọ́n ń kọ máìlì sílẹ̀ fún un lé lórí, tí máìlì náà bá sì pọ̀ tó, yóò fi gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Wọ́n fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀kan lábẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ lè wọ yàrá ìgbafẹ́ inú ẹ́pọ́ọ̀tì, níbi tí àga onítìmùtìmù wà, tí oúnjẹ wà, tí ilé ìyàgbẹ́ ń dán.

Ọyẹ́ ọjọ́ náà, Ràhmátù! Eruku bo ojú ọ̀run débi pé bàálù tó wà nílẹ̀ níwájú wa, a kò rí ìrù rẹ̀. Wọ́n ní kò sí èyí tó lè gbéra. Aago méje àárọ̀ la débẹ̀, aago mẹ́ta ọ̀sán la tó kúrò. Ooreọ̀fẹ́ yọ káàdì rẹ̀, ó ní òun àti Tiwa fẹ́ wọlé lọ sinmi. Mo ní kó mú Màmá dání.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ má bínú, àlejò kan ṣoṣo ni káàdì yìí ń gbà.”

Mo ní kí Tiwa dúró tì mí nígbà náà, kí Màmá wọlé. Ó wo Tiwa, ó wò mí, ó ní òun ti ṣèlérí fún un láti ilé. Bí wọ́n ṣe fa báàgì wọn lọ nìyẹn. Màmá ní ẹsẹ̀ àwọn ń ro, àwọn fẹ́ rìn díẹ̀, wọ́n sì rọra tẹ̀lé wọn lẹ́yìn títí dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Kò pẹ́ tí wọ́n padà wá jókòó.

Wákàtí mẹ́jọ lórí àga irin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Obìnrin Hausa kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló ṣàánú wa. Ó ní, “Sannu, Mama,” ó lọ wá páálí kan wá kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyàwó wa jáde wá, ó ń fi igi tayín. Ó na ike omi kan sí Màmá, ó ní ó tutù dáadáa. Kí a tó dé Èkó, ẹsẹ̀ Màmá ti wú, bàtà kò wọ̀ wọ́n mọ́, wọn kò sì lè tẹ̀ ẹ́. Inú mọ́tò ni wọ́n jókòó sí lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí a ń sin ẹ̀gbọ́n wọn lọ́jọ́ kejì. Wọn kò rí yẹ̀pẹ̀ dà sí i. Mo sáré padà wá wò wọ́n, wọ́n yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ní, “Rose, ṣé wọ́n ti gbé e wọlẹ̀?”

Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ooreọ̀fẹ́ ti gbàgbé kí a tó padà sí Kánò. Ó ń fi àwòrán yàrá ìgbafẹ́ náà sórí WhatsApp, òun àti Tiwa pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

Èmi gbèrò tèmi. Màá gba irú káàdì yẹn gan-an. Ìgbéyàwó àbúrò Ooreọ̀fẹ́ ń bọ̀ ní oṣù kejìlá, gbogbo wa, àwa àti ẹbí rẹ̀ tó wà ní Kánò, la ó sì jọ wọ bàálù lọ sí Èkó. Màá sọ fún Desmond pé kó jẹ́ kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì tiwa, màá fi máìlì gbé Màmá sí ìjókòó iwájú, kí ìyàwó wa gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá lọ sẹ́yìn. Ṣáájú ìyẹn, ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbafẹ́, màá ti sọ fún ìyá rẹ̀ tó bí i pé àlejò kan ṣoṣo ni káàdì mi ń gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá rẹ̀. Mi ò ní pa irọ́ fún ọ. Mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi bí mo bá rò ó.

Ni mo bá lọ sí báńkì ní Fagge. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn ń jẹ́ Richard, ọmọ Kánò bíi tiwa ni, ìyá rẹ̀ ni Yorùbá. Ó bi mí iye ìgbà tí mo ń wọ bàálù lọ́dún. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì bí ẹnì kan bá kú. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Owó ọdọọdún wà lórí káàdì náà, bóyá mo lò ó tàbí mi ò lò ó. Bí mi ò bá san gbogbo àwìn oṣù kan tán kí oṣù tó parí, èlé rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i. Máìlì náà sì ní ọjọ́ tó ń kú. Ó ní, “Màmá mi, ẹni tó ń fò bí ẹyẹ ni káàdì yìí wà fún. Kí tiyín tó pé tíkẹ́ẹ̀tì kan, ti ìṣáájú á ti kú.” Mo ní kó ṣì fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó fún mi, ó fi ìwé àlàyé pẹlẹbẹ kan tì í, tí àwòrán irú káàdì Desmond wà lára rẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti ń kà á lọ́jọ́ kejì tí mo fi kan ìlà kan. Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún gbé e lọ fún ará ṣọ́ọ̀bù kejì kó bá mi kà á. Àlejò méjì ni káàdì náà ń gbà, Ràhmátù. Méjì!

Mi ò pariwo. Mo ká ìwé náà sínú Bíbélì mi. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti Màmá lọ jẹun nílé Desmond. Ọmọ wọn obìnrin, Fìyìnfólúwa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n kì í fi fèsì. A ń jẹun lọ́wọ́ ni mo na ìwé náà sí i, mo ní ojú ń dùn mí, kó bá mi ka ibi tí mo fàlà sí, kí gbogbo wa gbọ́. Ó ní, “To, Anti.” Ó kà á ketekete ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, “Èèyàn mélòó ni wọ́n ní onítọ̀hún lè mú wọlé?” Ó gbé ìka méjì sókè.

Desmond ní kí ni ìtumọ̀ èyí. Mo sọ fún un. Láti oṣù kìíní, ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un ni pé Màmá fúnra wọn ló ní àwọn kò fẹ́ wọlé. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ooreọ̀fẹ́ ní òun kò mọ̀, òun rò pé ẹyọ kan ni, pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun.

Màmá gbé ṣíbí wọn kalẹ̀. Wọ́n ní, “Wọ́n sọ fún ọ. Mo wà lẹ́yìn yín. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà yẹn nawọ́ sí mi, ó ní ó ku ẹnì kan, ṣé ìyá yìí wà pẹ̀lú yín? O wẹ̀yìn, o rí mi. O mirí.”

Kò sẹ́ni tó tún jẹun lórí tábìlì yẹn. Ooreọ̀fẹ́ bú sẹ́kún, ó wọ yàrá lọ. Desmond gbé orí lé ọwọ́. Inú mi dùn, ọ̀rẹ́ mi, ó dùn gan-an. Ṣùgbọ́n nínú kẹ̀kẹ́ adaidaita tó gbé wa padà sílé, Màmá kò wojú mi. Wọ́n ní, “Mo ti gbé e mì tán. Ìwọ lo fà á jáde lọ́nà ọ̀fun mi lójú ọmọ ọmọ mi. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.” Mo ní èmi kọ́ ni mo tà á.

Lọ́jọ́ Tuesday, Desmond wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti gba káàdì ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ti fi sísọ́ọ̀sì gé e sí méjì. Ó ní òun fẹ́ kí báńkì kọ orúkọ mi sí àyè rẹ̀, kí n má wulẹ̀ gba tèmi. Rò ó wò! Káàdì Ooreọ̀fẹ́ gan-an lábẹ́ orúkọ mi, tí mi ò ní san kọ́bọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ìyàwó náà fúnra rẹ̀ dé. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà mi méjì. Ó ní kí n bá òun bẹ ọkọ òun, kò jẹ oúnjẹ òun mọ́, kò bá òun sọ̀rọ̀. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ń rán ìṣẹ́tí kọ́tìnì lọ. Mo rán ọ̀kan tán, mo mú èkejì. Àwọn oníbàárà ń wò mí. Ẹnì kan nínú wọn, Hanan, aya oníṣòwò kan ní Fagge, ní, “Haba, Mama Rose!” Mo parí èkejì kí n tó ní kó dìde. Mo bi í léèrè ìdí tó fi mirí. Ó ní ojú ti òun ni, nítorí Màmá wọ sálúbàtà ilé, wọ́n sì fi ìborí àtijọ́ we orí, Tiwa sì wà níbẹ̀. Ohun tó sọ nìyẹn. Ó kéré jù! Ká ní ó kórìíra Màmá ni, ǹ bá mọ ohun tí mò ń bá jà.

Mo bá a bẹ Desmond. Mo ṣe é nítorí Màmá, kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi pé n kò gba àyè ìyàwó rẹ̀ lórí káàdì, torí gbogbo ohun tí mo bá fi rà ni yóò máa yọjú lójú ìwé wọn lóṣooṣù, ìjà tuntun ni. Fọ́ọ̀mù tèmi náà, mo ti dá a padà fún Richard. Kò sí irọ́ nínú ohun tó sọ: aṣọ kọ́tìnì tí mò ń rà ní ọjà Kantin Kwari, owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe káàdì, mi ò sì ní máa gbàdúrà kí èèyàn kú kí máìlì mi lè pé. Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyí: mi ò gba káàdì kankan. Bí ìwọ tí o máa ń bá ọkọ rẹ lọ sí Mẹ́kà bá fẹ́ gbà á, bi wọ́n léèrè owó ọdọọdún kí o tó tọwọ́ bọ̀wé.

Desmond ti wá mú Màmá lọ sílé rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní ìyàwó òun ni yóò máa tọ́jú wọn. Àná ni mo lọ wò wọ́n. Aṣọ mímọ́ wà lọ́rùn wọn, wọ́n ti fi òróró pa ẹsẹ̀ wọn, ẹja yíyan wà nínú abọ́. Bí Ooreọ̀fẹ́ ṣe jáde, mo bi wọ́n pé ṣé ó ń tọ́jú wọn dáadáa.

Màmá ní, “Ó ń tọ́jú mi. Ẹ̀rù ló fi ń ṣe é.”

Ẹ̀rù yẹn ni mo ń wá láti oṣù kìíní, Ràhmátù. Mo ti rí i. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń retí kí inú mi dùn bíi ti ọjọ́ tí a ka ìwé yẹn, kò dùn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì tíì dárí jì í. Má tíì bẹ̀ mí. Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i.

Bá mi kí Bàdírù, kí o sì bá mi fi ọwọ́ pa Fàtíyà ọmọ rẹ kékeré lórí. Kí ìyá ọkọ rẹ fún mi pẹ̀lú, ṣùgbọ́n fi ìwé yìí pamọ́ fún wọn.

Èmi ni tìrẹ, tìbínú-tìbínú,

Rose