Èmi Kì Í Mu Sìgá, Títàn Ni Mo Máa Ń Tàn Án

Fáìsátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, kú ọ̀sán, kú alẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí ìwé yìí máa bá ọ ní Mamobi ní Accra. Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí èémí wọ́n yín. Mi ò pè ọ́ nítorí obìnrin kan wà nínú fóònù bàbá yín báyìí, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Nọ́ọ̀sì Afua ló mú un wá. Ó wá láti ilé ìwòsàn Nsawam, ó ní òun ń wá àwọn amusìgá, kí òun bá wọn jáwọ́ kí ẹ̀dọ̀fóró wọn tó bàjẹ́. Ó kọ orúkọ bàbá yín sínú fọ́ọ̀mù. Láti ìgbà náà, ní àràárọ̀, obìnrin inú fóònù á kọ̀wé pé ṣé ẹ mu sìgá lánàá? Èmi ni mo máa ń fèsì. Mo ní rárá, mo kí i, mo béèrè ìyá rẹ̀, kò dáhùn rí. Wọn ò kọ́ obìnrin náà nílé. Ṣùgbọ́n bàbá yín ti jáwọ́ lóòótọ́, oṣù kẹta rèé, orógbó ni wọ́n ń jẹ.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá, ó bi èmi náà bóyá mo ń mu ún. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, títàn ni mo máa ń tàn án fún ọkọ mi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, bí mo bá ń dáná, wọ́n á na sìgá sí mi, màá fi iná sí i, màá fà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kó má baà kú lọ́nà, màá wá gbé e fún wọn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ ìyàwó ni.

Ó ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tó fi ń wọn èémí, èyí tí bàbá yín ti kọ́kọ́ fẹ́. Mo fẹ́ ẹ títí ojú mi fi ṣú. Ẹ̀rọ ní èémí tèmi kéré sí tiwọn. Mo ní ó ti ṣi èèyàn mú, èémí wọn ló ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Ó fi ẹnu tuntun sí i, mo tún un fẹ́, bákan náà ni. Bàbá yín ní àṣé ìyàwó àwọn ló ń mu sìgá, àwọn kàn ń bá a rà á ni. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ ò dúró. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo rí sìgá kan nínú àpò ẹ̀wù bàbá yín àtijọ́. Mo fi igbá bo fóònù, mo tàn án, kò sí ẹni tí màá gbé e fún. Mo mu ún tán. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé amusìgá ni mí.

Fáìsátù, bí ọwọ́ mi bá dí, ìwọ ni mo máa ń rán pé kó o tàn án. Ọmọ ọdún méje. Ìwọ á fà á, ìwọ á wúkọ́, àwa á máa rẹ́rìn-ín pé o ti di ìyàwó ilé. Nígbà Iléyá tó o wá, mo gbọ́ ikọ́ rẹ lẹ́yìn ilé, mo sì gbọ́ òórùn sìgá lára aṣọ rẹ. Mi ò bi ọ́. Ẹnu wo ni màá fi bi ọ́?

Nọ́ọ̀sì ní kí n wá sí Nsawam lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Fi owó ọkọ̀ rán Ṣàfíù awakọ̀ sí mi. Má fi owó mómò orí fóònù ránṣẹ́ o, inú fóònù bàbá yín ló máa gbà, obìnrin náà á tú u wò. Ṣùgbọ́n bí owó náà kò bá tó èèyàn méjì, fi í wọ ọkọ̀ fúnra rẹ, kó o lọ wá ibi tí irú ẹ̀rọ náà wà ní Accra níbẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́, má sọ pé títàn lo máa ń tàn án.

Ọlọ́run á dá èémí rẹ sí fún àwọn ọmọ rẹ.

Èmi ni Hàdízà ìyá rẹ, tó fi iná lé ọ lọ́wọ́.