Dádì Wà Lórí Kẹ̀kẹ́ ní Jọ́dánì

                                        Castleridge,
                                        Calgary, Kánádà.
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin, 2016.

Serifat ọ̀rẹ́ mi ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n kírun dáadáa? Bámidélé àbúrò rẹ oníjàgídíjàgan ńkọ́? Ẹ kú òjò o. Ẹ̀yin ti ń jẹ máńgòrò, àwa ṣì ń kó snow níwájú ilé. Ara mi le, inú mi ni kò dùn. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ṣe é sọ lórí fóònù, torí nínú basement yìí, abẹ́ ilé tí à ń gbé, kò sí ohun tẹ́nì kan máa sọ tẹ́nì kejì ò ní gbọ́.

O rántí pé wọ́n ti dá Dádì dúró níbi iṣẹ́ epo lọ́dún tó kọjá? Owó epo já wálẹ̀, wọ́n sì da àwọn ẹnjiníà síta bí omi ìṣanwọ́. Dádì á kàn jókòó sídìí fèrèsé látàárọ̀ dalẹ́. Ìgbà tó yá, wọ́n di kẹ̀kẹ́ wọn sínú páálí, wọ́n ní àwọn ń lọ gùn ún ní Jọ́dánì, àwọn nìkan, láàárín òkè àti aṣálẹ̀, kí ọkàn àwọn lè balẹ̀. Mọ́mì bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n lọ.

Ojú ń ti Mọ́mì, ni wọ́n bá sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé contract ni Dádì rí. Serifat, ká ní o gbọ́ ariwo halelúyà! Jọ́dánì inú Bíbélì! Pásítọ̀ ní kí Mọ́mì jáde wá jó ijó ọpẹ́. Mọ́mì jó. Èmi náà ń jó tẹ̀lé wọn bí òmùgọ̀. Ìyá àgbà kan tiẹ̀ fún wa ní ike, pé kí Dádì bá àwọn bu omi odò náà bọ̀.

Láti ìgbà yẹn, àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ bíi Dádì ń kó CV wá bá wa. Èyí tó dùn mí jù ni Uncle Akínbámi, tí wọ́n bá Dádì ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Lánàá, wọ́n gbé kúlà mọ́ín-mọ́ín wá, wọ́n ní kí n fi fọ́tò site han àwọn. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣí fóònù. Nínú fọ́tò tí Dádì fi ránṣẹ́, wọ́n dúró ti kẹ̀kẹ́, ojú wọn ti dúdú bí èédú. Lẹ́yìn wọn ni ilé ayé àtijọ́ kan wà, wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta pupa, àwọn òpó rẹ̀ ti wó.

Uncle wò ó títí. "Ìtùnú, ṣé wọn ò tíì parí office yẹn ni?"

Mo ní, "Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, sà."

"Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wá fi ń lọ síbi iṣẹ́? Ah, Daddy yín mà ń gbádùn o! Kò sí go-slow! Sọ fún wọn pé èmi náà mọ kẹ̀kẹ́ gùn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mọ́mì náà fipá rẹ́rìn-ín. Uncle wá ní iléeṣẹ́ ẹran kan ti fún àwọn níṣẹ́ o, ọ̀la Monday ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì, ṣùgbọ́n àwọn máa kọ̀ ọ́, torí Dádì làwọn ń dúró dè. Mo la ẹnu. Mọ́mì ṣẹ́jú sí mi, o mọ irú ẹ̀. Mo pa á dé.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Uncle Akínbámi ò ní ogún ọdún. Ọ̀la ni wọ́n ní.

Mo jáde síta lọ pe Dádì láàárọ̀ yìí, mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n wá ní, "Ìtùnú, òkè kan ṣì kù níwájú. Ní kí Akínbámi ṣe sùúrù." Ni nẹ́tíwọ̀kì bá lọ. Sùúrù kí ni?

Mọ́mì ní kí n gbé kúlà náà padà fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ yìí. O mọ̀ pé a kì í dá abọ́ olóúnjẹ padà lófìfo. Mo kó ọsàn sí i, mo tún kó o jáde. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìtìjú Mọ́mì ni. Bí mo bá dákẹ́, iṣẹ́ Uncle ti lọ. Orí kúlà yẹn gan-an ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Bá mi kí Màmá yín, kí o sì fa Bámidélé létí fún mi. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyá Dádì tó wà nílé lọ́hùn-ún gbọ́.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí kò mọ ohun tó máa fi sínú kúlà,
Ìtùnú.