Kì í Ṣe Ròbó Ìyá Kékeré

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi àtàtà. Ẹ sì kú ojú lọ́nà. Èmi Àkànní dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Okokomaiko. Bàbá ńkọ́? Gbogbo ará ilé wa n'Ígbóọrà ńkọ́? Lẹ́tà yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á sókè lágboolé, níbi tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

Ara mi ti ń yá. Mo ti padà sídìí iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ní Iyana-Iba, àmọ́ bí mo bá tún ọkọ̀ kan ṣe, mo ní láti jókòó sinmi. Òjò ò dá níbí, èmi nìkan ni mo sì wà nínú yàrá.

Ìyá mi, ẹ ti sọ fún gbogbo ayé pé Ìyá Kékeré, orogún yín, fi májèlé sínú ròbó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi. Òótọ́ ni, mo jẹ ròbó lọ́sẹ̀ tí ìtọ̀ mi dúdú bí omi sóbò, tí ẹyinjú mi pọ́n rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n eyín ń dùn mí lọ́sẹ̀ náà, mo sì ra oògùn ní kẹ́mísì, mo lò ó. Mo ti lò ó rí láìṣe mí ní nǹkan, ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á sí. Dókítà ló ṣàlàyé pé ara mi ti di oògùn náà sínú látìgbà tí mo kọ́kọ́ lò ó. Bó ṣe tún rí i, ó gbé ogun dìde, ó sì ń pa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, bí ọlọ́dẹ àdúgbò tó na onílé pé olè ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn ló kó bá kíndìnrín mi. Wọ́n ní bí mo bá tún fẹnu kan oògùn náà, ó lè pa mí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kí àlàyé yìí tó dé, Ìyá Kékeré ti di ẹrù wọn lọ sílé bàbá wọn. Mo pè wọ́n. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún. Wọ́n bi mí bóyá mo ń jẹun dáadáa. Wọ́n wá ní, "Àkànní, èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ bá lọ sóko. Àmọ́ n kò ní fún ọmọ ẹnikẹ́ni lóúnjẹ mọ́."

Ẹ dákun, Ìyá mi, ẹ lọ mú wọn wálé. Ẹ̀bẹ̀ ẹnu nìkan ò tó. Kí wọ́n din ròbó, kí ẹ̀yin kọ́kọ́ mú un jẹ lójú gbogbo àwọn tó gbọ́.

Ẹ ò ní sin ọmọ o. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí Ìyá Kékeré, bí wọ́n bá gbà láti rí yín.

Èmi ni ọmọ yín, ẹ̀yin ìyá méjèèjì,
Àkànní.